Ẹ yẹ orin "Hi-Res" wò dáadáa

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó san owó gọbọi lórí orin "Hi-Res", ìyẹn fáìlì orin tí wọ́n ní ohùn rẹ̀ dára ju ti CD lọ, tí wọ́n kọ "24-bit/96 kHz" sí lára (bit ni bí wọ́n ṣe wọn ohùn náà fínnífínní tó, kHz sì ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ rántí pé bí àpótí ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè mú orin inú CD, tó jẹ́ 16-bit/44.1 kHz, kó sọ ọ́ di 96 kHz kíákíá. Fáìlì á wú, owó á lé, ohùn ò ní dára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ra orin kan ṣoṣo ná, ẹ má tíì ra odindi álíbọ́ọ̀mù. Ẹ dáńlóòdù Spek, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn hàn bí àwòrán, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi ṣí fáìlì náà. Ó máa ya àwòrán ohùn náà, ohùn tó rẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ohùn tó ga ní òkè; kHz tibẹ̀ ni bí ohùn ṣe ga tó. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá gé lójijì ní nǹkan bí 22 kHz, tí òkè ibẹ̀ sì ṣókùnkùn biribiri títí dé 48 kHz (ìdajì 96 ni àwòrán náà máa ń dé), àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orin CD ni wọ́n fẹ̀. Tó bá jẹ́ 16 kHz ló ti gé ńkọ́? Háà, ó lè jẹ́ MP3 lásán!

Ẹ má tíì pe ẹni tó tà á lólè o. Nígbà míì, 44.1 kHz ni wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹ kàn fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ béèrè owó yín.

Ní tèmi, CD tí wọ́n ṣe dáadáa ti tó. Etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó bá kọjá 20 kHz.