Ẹ Má Fi Gẹ̀ẹ́sì Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ẹni Tó Fi Yorùbá Sọ Ọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe mástà nínú ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. Ìwádìí nípa àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò ni. Ó ti náwó gan-an: ó ra sọ́fítíwíà, ó sanwó fún ẹni tó bá a tẹ ọ̀rọ̀ inú ohùn tó gbà sílẹ̀, ó tún fún àwọn èèyàn lówó ọkọ̀. Mo ka ojú ìwé mẹ́ta, inú mi bàjẹ́. Owó ti lọ, ọ̀rọ̀ tó torí ẹ̀ náwó kò sí níbẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń rí irú èyí, ó sì ti sú mi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò fún ìwádìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

1. Ẹ má gbé ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ lọ bá èèyàn. "Ṣé ẹ máa ń gbọ́ rédíò?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó tán nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí àárọ̀ àná ṣe lọ, látìgbà tí wọ́n ti jí, kí ẹ wá máa gbọ́ ibi tí rédíò ti máa wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

2. Ẹ má kó àgbà àti ọmọdé, tàbí ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́, sínú àpérò focus group kan náà, níbi tí èèyàn bíi mélòó kan ti ń jọ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè yín. Mo jókòó síbi kan tí ìyálọ́jà ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn méje tó kù ń wolẹ̀, "Bí ìyá ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni." Wákàtí kan gbáko, èrò ẹnì kan ṣoṣo la gbà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ẹgbẹ́ sí.

3. Ẹ má sọ pé èèyàn 20 ló ń sọ èrò gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1943, Kate Smith, olórin, fi wákàtí 18 polówó báńdì ogun, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó ogun lọ́wọ́ aráàlú, lórí rédíò CBS ní Amẹ́ríkà. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó ti èèyàn 100 ní New York láti mọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe rí láàárín èrò púpọ̀, wọ́n fi ìwádìí oníṣirò lọ́dọ̀ èèyàn tó lé ní 900 kún un. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe.

4. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ Yorùbá nínú fóònù kí ẹ máa tẹ Gẹ̀ẹ́sì sórí kọ̀ǹpútà.

Nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá kan sọ pé òun máa ń tẹ́tí sí ìròyìn ní àràárọ̀. Mo ní kó gbé ohùn náà jáde. Ohun tí ìyá sọ nìyí: "Àràárọ̀ ni. Mo kàn máa ń gbọ́ ọ ni, ọmọ ni mò ń múra fún." Ẹ wo "kàn" yẹn, ẹ wo "ni" tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ní rédíò ń sọ̀rọ̀, etí òun ń gbọ́, ọkàn òun ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn gan-an ni ìwádìí náà ń wá, àwọn náà sì ni wọ́n gé dànù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Kásẹ́ẹ̀tì la ń lò nígbà yẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá aláta kan ní Bódìjà ohun tó rò nípa ìròyìn kan, ó ní, "Àwọn yẹn? Wọ́n ti sọ tiwọn." Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ilé-iṣẹ́ rédíò náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo sì gba ohùn ẹlòmíràn lé kásẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí sùpáfáísọ̀ mi béèrè pé kí ni ìyá sọ gan-an, mi ò rí nǹkan fi hàn án. Mo padà sí Bódìjà. Ìyá ń to ata rodo sínú abọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ọmọ mi, tí mo bá ní wọ́n ti sọ tiwọn, mi ò gbà wọ́n gbọ́ nìyẹn." Orí kẹrin iṣẹ́ mi dojú rú, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ kọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín àti ibi tó ti pòṣé. Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tú kìkì èyí tí ẹ máa lò sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má ra NVivo, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ ìwádìí, nítorí pé ẹ rò pé ó máa bá yín ronú. Àpótí ìkó-nǹkan-sí ni. Ẹni tó ní èèyàn 12 láti gbọ́ lè fi ìwé àti bírò aláwọ̀ mẹ́ta ṣe é.

Ẹ yé kọ ọ́ pé kókó tí ẹ rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn "yọ jáde" fúnra rẹ̀. Kì í hù bí olú. Braun àti Clarke, àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé nípa bí a ṣe ń wá kókó nínú ọ̀rọ̀, tí gbogbo yín ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn ti 2006, sọ ọ́ níbẹ̀ pé olùwádìí ló ń yàn án. Ẹ sọ bí ẹ ṣe yàn án.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tan rìkọ́dà. Ẹ gbé méjì dání.

Ọpẹ́ ni pé ohùn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ yẹn. Lánàá, ó fi ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ní Yorùbá, "kàn" wà níbẹ̀, "ni" náà wà níbẹ̀.