Bí ẹ ó ṣe múra lọ síbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ eré Kòríà l'Ábújá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Jumong, eré tẹlifíṣọ̀n Kòríà nípa tafàtafà tó di ọba, tán tẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ò sì rí ẹni bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, lójú ọ̀nà Gado Nasko. Àwọn ọmọ tó ń lọ síbi àpéjọ yìí ni mo kọ́kọ́ ń ránṣọ fún, kí èmi náà tó di ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé nítorí ẹ̀. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ aṣọ bá wá pọ̀ jù lẹ́nu mi.

Ibo lẹ ó ti gbọ́ nípa ẹ̀? Korean Cultural Centre ti wà l'Ábújá láti 2010. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní èdè Kòríà, wọ́n sì máa ń ṣe ìdíje orin àti ijó K-pop. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ti ń mọ ara wọn, tí wọ́n á sì dá ẹgbẹ́ WhatsApp tiwọn sílẹ̀. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ọjọ́ àti gbọ̀ngàn. Kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pe gbọ̀ngàn náà fúnra yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní òṣèré kan ń bọ̀ láti Seoul, ẹ máa wò ó. Ẹ má torí òṣèré lọ. Ẹ torí àwọn tẹ́ ẹ jọ máa jiyàn lọ, bóyá ó yẹ kí Soseono, ayaba Jumong, fi ààfin sílẹ̀ fún Yesoya, ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí kò yẹ. (Ẹni tí kò tíì wò ó dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ka ìyẹn.)

Àwọn ará ilé á máa bi yín pé eré tó ti parí láti 2007, kí lẹ tún ń pé jọ lé lórí. Ẹ sọ fún wọn pé Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n kan, parí l'Amẹ́ríkà ní 1969, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ sì pé jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York ní oṣù kìíní 1972. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni àwọn tó ṣètò ẹ̀ ń retí. Èrò tó lé ní 3,000 ló ya dé.

Ó yá, aṣọ. Hanbok ni aṣọ ìbílẹ̀ Kòríà. Ti obìnrin ní síkẹ́ẹ̀tì gígùn kan, chima, àyà ni wọ́n ti ń so ó. Jeogori wá dà bí bùbá kékeré tí kò dé ìdodo. Tẹ́ ẹ bá kó o fún télọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, ìró àti bùbá ni yóò rán fún yín, owó wọgbó nìyẹn. Ẹ fi fọ́tò hàn án. Ẹ jẹ́ kó rí i pé apá òsì ló ń bo ti ọ̀tún, pé ọ̀já gígùn méjì ló ń dè é níwájú, pé kò gba bọ́tìnnì. Ẹ wá fọwọ́ kan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí ọrùn. Dongjeong ni wọ́n ń pè é, òun gan-an ló ń mú aṣọ náà jọ tòótọ́. Gọ́ọ̀mù líle tí a fi ń ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń gé fún un, kò ní fẹ̀ ju ìka kan lọ. Màá fi aṣọ funfun wé e, màá wá fọwọ́ gán an mọ́ etí ọrùn láìfi ẹ̀rọ kàn án, kó lè rọrùn láti tú. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dọ̀tí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kun pánkéèkì. Ẹ tú u, ẹ gán òmíì sí i, aṣọ tún di tuntun.

Sátíínì dára nínú fọ́tò, àmọ́ nínú oṣù kẹta l'Ábújá, ẹ ó kàn máa làágùn bí ẹni ń gúnyán ni. Ọ́gáńsà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi kọ́tìnnì ṣe inú ẹ̀. Àwọ̀ pọ̀ ní ọjà Wuse. Ẹ má ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó ń tà á o, torí tó bá ti gbọ́ "Kòríà" báyìí, iye ẹ̀ á fò sókè.

Ti ọkùnrin ò ní wàhálà, àfi ọ̀rọ̀ ọfà. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe Jumong wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, aṣọ nìkan ló kù o, mo ti ní ọfà." Mo ní kó mú un wá kí n rí i. Irin ló fi ṣe ẹnu ẹ̀! Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì l'Ábújá ò ní bi yín bóyá eré lẹ fẹ́ fi ṣe. Páìpù oníke ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọrun, kẹ́ ẹ fi fóòmù ṣe ẹnu ọfà, kẹ́ ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣètò ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ má wọ hanbok wọkọ̀. Láti 2006 ni wọn ò ti gba ọ̀kadà láyè láàárín ìlú, ẹsẹ̀ lẹ ó sì fi rìn láti ibi tí mọ́tò bá já yín sí. Ẹ di í sí báàgì, ẹ pààrọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Mọ́tò tí ẹ ò mọ̀, tó ń pèrò lẹ́bàá títì ní Berger, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Wan-ṣánsì ò mọ olólùfẹ́ Jumong yàtọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin, ẹ dáwó gba dírọ́ọ̀pù.

Kósé (àkàrà àwọn Hausa) gbígbóná àti kúnú ni kẹ́ ẹ fi ṣíkùn kẹ́ ẹ tó kúrò ládùúgbò, torí oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹ tọ́ kimbap wò, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé ni. Kimchi, ìyẹn kábéèjì aláta tí wọ́n rẹ, ó kan, ó tún ta. Èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Ìdíje ìbéèrè ló máa ń dùn jù. Ẹ ti mọ̀ ọ́n sórí pé apá 81 ni Jumong ní, pé Song Il-gook ló ṣe Jumong fúnra ẹ̀, pé Haemosu ni bàbá Jumong nínú eré náà, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu yín yá ju ti ẹni tó wà lórí ìtàgé lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ eré fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ibo lẹ wò ó dé?" Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lójú mi lórí èyí. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni; àwọn ọmọbìnrin Hausa máa ń fi hìjáábù lé hanbok lọ́nà tó rẹwà gan-an, àmọ́ àwọn kan ò fẹ́ kí fọ́tò wọn dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Àgbàlagbà ọmọ Kòríà tó bá fún yín ní nǹkan, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ tẹríba díẹ̀. Ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ ó kàn já wọn láyà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n rán tiẹ̀, kó kó aṣọ wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú ìdajì owó. N kì í gba iṣẹ́ "Àǹtí, ọ̀la ni o."