Bí mo ṣe fi ọgbọ́n géèmù mú àwọn oníbàárà dúró sórí áàpù wa

Áàpù tí èèyàn fi ń kọ ìnáwó ojoojúmọ́ sílẹ̀ ni tiwa, kì í ṣe nǹkan tó ń pani lẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn á dà á sórí fóònù, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta wọn ò wá mọ́, ọ̀gá mi wá ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ohun tó máa ń sọ sí gbogbo ayé lọ́kàn ló sọ sí èmi náà: póìntì, bájì, àti bọ́ọ̀dù tó ń fi ẹni tó gba ipò kìíní hàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ kẹta, orúkọ àwọn mẹ́ta kan náà ló wà lókè ṣáá, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wò ó, ọ̀pẹ lòun, ọ̀ta ni wọ́n ní kóun bá ta, á yáa dìde nílẹ̀. Àwọn míì ń kọ ìnáwó irọ́ nítorí póìntì. Ẹnì kan kọ "omi" nígbà mọ́kànlélógún láàárọ̀ ọjọ́ kan! Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀bi mi ni, ohun tí mo ní kó máa wá ló ń wá.

Mo yọ bọ́ọ̀dù kúrò. Deci àti Ryan, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé nǹkan mẹ́ta ló ń mú èèyàn fẹ́ràn ohun tó ń ṣe: kó fúnra ẹ̀ yàn án, kó rí i pé ọwọ́ òun ń yá sí i, kó sì ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Póìntì mi ò fún wọn ní ìkankan.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Nunes àti Drèze, ṣe ìwádìí kan, tó jáde lọ́dún 2006, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò: tóo bá fọ mọ́tò, wọ́n á lu òǹtẹ̀ kan sí kádì ẹ, tí òǹtẹ̀ bá pé, wọ́n á fọ ọ̀kan fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní kádì tó ń fẹ́ òǹtẹ̀ 8, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó ń fẹ́ 10 àmọ́ tí wọ́n ti lu méjì sí i tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ló kù fún gbogbo wọn o, síbẹ̀ ìdá 19 nínú 100 ló parí ti àkọ́kọ́, ìdá 34 ló parí ìkejì. Mo jí i lò lójú ẹsẹ̀, téèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ tó sì yan ohun tó fẹ́ tọ́jú owó sí, ó ti ṣe 2 nínú ìgbésẹ̀ 10 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ léra, ìyẹn iye ọjọ́ téèyàn fi kọ ìnáwó láìpa ọ̀kan jẹ, ló fún mi ní wàhálà jù. Obìnrin kan tó ti ka ogójì ọjọ́ ṣàìsàn, ọjọ́ kan péré ló pa jẹ, áàpù dá a padà sí òdo, ó kọ̀wé sí wa pé "ẹ ti pa ogójì ọjọ́ mi," ló bá pa áàpù rẹ́. Látìgbà yẹn mo fún gbogbo èèyàn ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, wọn ò ní bèèrè, áàpù á kàn fò ó.

Dípò bọ́ọ̀dù, ìwọ ọ̀sẹ̀ yìí àti ìwọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo máa rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta mẹ́ta yẹn bínú, mo bá jẹ́ kí ẹni tó bá wù ú fi ọwọ́ ara ẹ̀ tan bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó ń kọ omi ṣì wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń kọ ọ́ báyìí.