Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ọmọ Kékeré Rìnrìn Àjò Ọ̀nà Jíjìn Nígbà Ooru

Kí ẹ tó ṣí máàpù, ẹ kọ́kọ́ kọ bí ọjọ́ ọmọ yín ṣe máa ń lọ sórí ìwé: ìgbà tó ń jí, ìgbà tó ń jẹun, ìgbà tí oorun ọ̀sán máa ń gbé e àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ìgbà tí inú máa ń bí i nírọ̀lẹ́. Ìwé yẹn ni ẹ óò fi ṣètò ìrìn àjò náà. Iye kìlómítà kò lè sọ bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún méjì á ṣe fara dà á fún yín. Oorun rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí. Ọmọkùnrin mi máa ń sùn ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Torí náà, a máa ń jẹ́ kó sáré kiri láàárọ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, a fún un lóúnjẹ, a pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, a sì gbéra ní aago méjìlá ààbọ̀. Ká tó jáde láàárín ìlú bọ́ sí títì márosẹ̀, oorun á ti máa kùn ún. Ibi tí ọ̀nà bá ti gùn jù, tí kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí, inú oorun yẹn ni a máa ń gbà á kọjá. Bí fóònù bá sọ pé wákàtí mẹ́rin ni, wákàtí mẹ́fà ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń sùn sójú ọ̀nà, ká parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn òbí kan fẹ́ràn kí wọ́n rìn lóru, pé ọmọ á sùn títí wọ́n á fi débẹ̀. Èmi kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Oorun tó ń kun ọmọ ló ń kun awakọ̀, pàápàá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Bí ẹ bá sì gúnlẹ̀ ní aago méjì òru, ẹ̀yin á fẹ́ sùn, ọmọ tó ti sùn tẹ́rùn á fẹ́ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ọmọ, ìyẹn àga kékeré tí à ń dè mọ́ inú ọkọ̀ fún ọmọdé, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kánjú, kí ìwé ìlànà tó bá a wá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ dì í mú níbi tí bẹ́líìtì ti gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún, kí ẹ mì í sósì. Bó bá yẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kò tíì le tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọmọ sínú rẹ̀, ẹ dì í, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e gbìyànjú láti ká bẹ́líìtì jọ níbi èjìká rẹ̀. Bí ẹ bá rí i ká jọ, ó ṣì dẹ̀, ẹ tún un fà. Ẹ má wọ aṣọ tó nípọn fún un sábẹ́ bẹ́líìtì, kódà bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán ni kí ẹ da aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń yí ìjókòó náà síwájú gbàrà tí ọmọ bá pé ọdún kan, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Orí ọmọdé tóbi, ó sì wúwo fún ọrùn tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn ló máa gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó máa kọjú sẹ́yìn títí á fi ga tàbí wúwo kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìjókòó náà. Kò sí aburú nínú kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níbi tí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) ti lè tú jáde lù ú.

Ooru ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù. Ara ọmọdé máa ń yára gbóná ju ti àgbàlagbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Lọ́jọ́ tí ìta kò ju 22°C lọ, inú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn lè kọjá 40°C láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ló sì máa ń gbóná kíákíá jù. Kí ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Bó ti wù kí ohun tí ẹ fẹ́ yà rà kéré tó, ẹ gbé ọmọ dání, ì báà máa sùn. Mo máa ń gbé báàgì ọwọ́ mi sẹ́bàá ìjókòó ọmọ, kí n má baà lè kúrò nídìí ọkọ̀ láì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ẹ bá páàkì, ẹ ta aṣọ funfun bo ìjókòó náà, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì kí ẹ tó gbé ọmọ padà síbẹ̀, torí irin yẹn lè jó o lára. Ohun tó ń dí oòrùn, ara gíláàsì ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má fi aṣọ bo ìjókòó mọ́ ọmọ lórí, atẹ́gùn ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ látìgbàdégbà. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó sì rin fún òógùn, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fún un lómi.

Ẹ máa dúró ní wákàtí méjì méjì, ó pẹ́ tán. Kí ẹ ti wá ibi tí ẹ óò dúró sí látilé: pápá, ọgbà ìṣeré, ibi tí koríko wà tó jìnnà sí mọ́tò. Ilé epo dára fún epo, àmọ́ kò sí ibi tí ọmọ lè sáré sí níbẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo máa ń fún un, mi ò sì kí ń gbé e. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kó gun nǹkan, kó ju òkúta. Kí ẹ tó padà sínú ọkọ̀, ẹ sọ fún un ṣáájú. Orin kan náà la máa ń kọ ní gbogbo ìgbà, nígbà tí a bá sì kọ ọ́ dé ìparí, a ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ á na ọwọ́ fún bẹ́líìtì.

Ní ti oúnjẹ, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ni kó jẹ èyí tó tóbi. Ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle àti odindi èso àjàrà kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ rárá, torí ọmọ tí nǹkan bá há lọ́fun kì í pariwo, awakọ̀ ò sì ní mọ̀. Bí ọkọ̀ bá máa ń mú kó bì, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ fúyẹ́, ẹ gbé fóònù kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ máa fi ohun tó wà níta hàn án.

Ẹ má kó gbogbo nǹkan ìṣeré fún un pa pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan jáde lẹ́yìn ìdúró kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tó rọ̀, torí ohun líle lè fò lu èèyàn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Èyí tó fẹ́ràn jù, ẹ pa á mọ́ di wákàtí tó kẹ́yìn.

Báàgì kan ṣoṣo ni kó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó ti ọmọ: ìlédìí, wáìpù, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, ẹ̀wù kan fún òbí, náílọ̀n fún ohun tó bá dọ̀tí, omi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, àti oògùn ibà tí dókítà ti sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe wúwo tó. Báàgì alẹ́ àkọ́kọ́ ni kó wà lókè pátápátá nínú búùtù. Ẹ fi aṣọ ìbora tó ń lò nílé sínú rẹ̀, kí ẹ má fọ̀ ọ́. Òórùn ilé wà lára rẹ̀, á sì jẹ́ kó tètè sùn níbi tí kò mọ̀.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà.

Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹnì kan di ọmọ mú nígbà tí ẹnì kejì bá kúnlẹ̀ yí gbogbo yàrá ká, kó wo ibi tí iná mànàmáná ti ń jáde, okùn fèrèsé, oògùn tí ẹlòmíì gbàgbé sílẹ̀, àtẹ̀gùn, àti bóyá ilẹ̀kùn kan ṣí sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá wà nítòsí, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn kí ẹ tó já ẹrù kankan. Lọ́jọ́ kejì, a kì í wọ ọkọ̀ lọ síbì kankan.