Bí A Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Olùkọ́ Gìtá Tí Kò Fọwọ́ Kan Gìtá Rí

Ìyá kan wà ní Attakè, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin níbí, tó ń dín àkàrà lálaalẹ́. Kò mọ orúkọ okùn kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí gìtá. Bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ mi bí n kò ṣe ní í máa sáré. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí mo sì kọ́kọ́ gbìyànjú, mo bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá lónìí ni mo ń kọ èyí sí: bí ẹ ṣe máa mọ àwọn tí ọpẹ́ yín tọ́ sí, àti bí ẹ kò ṣe ní í ba ọpẹ́ náà jẹ́ bíi tèmi. Òwe ọlọ́ṣà tí gbogbo wa mọ̀ nípa ẹni tí a ṣe lóore, mi ò ní í pa á. Ẹ ti gbọ́ ọ tó.

Ẹ má mú ìwé àti bírò láti kọ orúkọ sílẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Bí ẹ bá ní kí orí rántí, àwọn olókìkí ni orí máa ń rántí: King Sunny Adé, Franco ará Kinshasa, Orchestre Poly-Rythmo tó ti wà ní Kútọnù láti ọdún 1968. Ẹni iyì ni wọ́n, èmi náà sì ti jí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti gba ọpẹ́ tó pọ̀, wọ́n sì ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ọwọ́ yín ni kí ẹ bi. Ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ jù lọ, èyí tí ẹ lè ta lójú oorun, kí ẹ fà á nílẹ̀ títí á fi falẹ̀ dé ìdajì. Ibikíbi tí ọwọ́ bá ti ṣe ohun tí ẹ kò rán an, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ bi í pé ta ló fi èyí síbí.

Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò mi ni mo kọ́kọ́ bá. Ìka méjì péré ni mo fi ń ta gìtá, bí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe ń ta á: àtàǹpàkò ń rìn lórí àwọn okùn tó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá ń ṣa orin lórí àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọdé máa ń bi mí níbi tí mo ti rí àtàǹpàkò tí kì í yẹ̀. Ọdún 1989 ni. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde mọ́, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, bàbá mi tí í ṣe olùkọ́ kò sì rówó iná san. Wọ́n gé iná ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo ní gìtá àlòkù kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé wá láti Èkó, mi ò sì ní ìmọ́lẹ̀ tí mo lè fi rí ibi tí ìka mi wà. Ìyá Alákàrà ní fìtílà. Mo gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ti alákàrà rí mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Á bu ẹ̀wà lílọ̀, á dà á sínú òróró, á tún bu òmíràn: pọ́ọ̀, pọ́ọ̀, pọ́ọ̀. Àárín ìkíní àti ìkejì kì í gùn ju àárín ìkejì àti ìkẹta lọ. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti dé ibi tó dùn nínú orin, eré ni mo máa ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, láìgbójú sókè, ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?" Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí òun bá da gbogbo rẹ̀ sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tutù, àkàrà á fa epo mu, inú rẹ̀ kò sì ní í jinná. Àfi kí òróró gbóná padà kí òmíràn tó wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àtàǹpàkò mi lé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wá ń bá ẹgbẹ́ olórin ṣiṣẹ́, bí onílù bá mu ọtí sódàbì yó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òróró yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Bàbá Onírédíò ní Oganla ni ẹnìkejì. Mo máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ torí pé rédíò ilé wa ti kú. Ohun kan wà tí gìtá ń ṣe láàárín orin jùjú kan, mi ò rí i mú. Ìka ẹni tó ń ta á yára ju etí mi lọ. Bàbá gbọ́ bí mo ṣe ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sọ̀rọ̀. Ó yọ bátìrì inú rédíò, ó sì fi àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tó kó sínú agolo mílíìkì, rọ́pò wọn. Bí agbára bátìrì bá ti lọ sílẹ̀, mọ́tò tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì á máa wọ́ ẹsẹ̀: orin á falẹ̀, ohùn akọrin á dà bí ohùn ará ọ̀run, ṣùgbọ́n gìtá á là. Mo gbọ́ ìka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn gìtá inú kásẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà mo ní láti yí etí gìtá tèmi kí okùn lè dẹ̀ títí wọ́n á fi bá ara wọn mu. Bí bátìrì bá tún rẹ̀ sí i, mo tún yí i. Ẹ̀yin tí fóònù yín lè dín eré orin kù láìsọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ẹ kò mọ irú oore tí wọ́n ṣe yín. Àmọ́ yíyí etí gìtá lójoojúmọ́ yẹn ló là mí létí. Títí dòní, mi ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé okùn kan ti yẹ̀.

Káfíńtà kan wà nítòsí Mọ́sáláṣí Ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́, tí àlejò máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó gbẹ́ eegun màlúù, ó fi rọ́pò ike tó fọ́ lókè ọrùn gìtá mi, ó sì fá igi tí okùn gùn lé lórí ikùn rẹ̀ kí okùn lè sún mọ́ ọrùn. Ìka mi kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò gba sẹ́fà kan, owó ilẹ̀ wa, lọ́wọ́ mi.

Ẹnìkẹrin ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ouando. Oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n já owó sẹ́fà wálẹ̀: 50 sẹ́fà là ń fi ra fránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ó di 100. Òkè òkun ni okùn gìtá ti ń wá, ẹ kò nílò kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye rẹ̀. Okùn kìíní mi já, mi ò sì rówó ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n yìí mú wáyà bíréékì, ó tú u, ó yọ fọ́nrán kan péré nínú rẹ̀, ó ní kí n dán an wò. Ó ń gé ìka, ó sì ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo gbọ́ pé Lionel Loueke, ọmọ Benin tó gbé gìtá dé Amẹ́ríkà, náà lo wáyà bíréékì kẹ̀kẹ́ nígbà tí kò rí okùn rà. Inú mi dùn. Ó sì dùn mí díẹ̀, torí mo ti ń rò pé èmi nìkan ni.

Èèyàn mẹ́rin ló jáde látinú orin kan yẹn, ó sì tó. Ẹ má ka ogójì èèyàn. Ẹ kò ní í lè dé ilé wọn.

Ó wá ku ọpẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2015, níbi ìnáwó kan, mo rí Ìyá Alákàrà láàárín àwọn àlejò. Ara mi gbóná. Mo gba máìkì lọ́wọ́ akọrin wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: ìyá tó fi fìtílà tọ́ mi, ìyá tí kò jẹ́ kí n sáré. Lójú tèmi, ọpẹ́ ni mò ń dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí orúkọ èèyàn jẹ́ lẹ́nu olórin: ẹ jáde wá náwó. Gbogbo agbo yíjú sí i. Ìyá dìde, ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó tó dì síbẹ̀, owó ẹ̀wà ọjọ́ kejì ni, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí: 500, 500, 1,000. Mi ò lè ní kó dáwọ́ dúró, àbùkù nìyẹn á jẹ́ fún un lójú èrò. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ló tún ń san owó fún mi, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Mi ò lè ta gìtá dáadáa ní gbogbo ìyókù alẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin olórin, ẹ má dúpẹ́ lórí ìtàgé. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa ti ní iye tí wọ́n ń ta á.

Ilé ni kí ẹ bá wọn, kí ẹ sì wo àsìkò iṣẹ́ wọn. Ìdí agbada kọ́ lẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alákàrà, níbi tí oníbàárà á ti máa ní kí wọ́n wá ta tòun kí òun máa lọ. Òwúrọ̀ ni mo padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá, kó tó rẹ ẹ̀wà. Ìdajì àpò ẹ̀wà àti kẹ́ẹ̀gì òróró kan ni mo gbé dání. Ohun iṣẹ́ ẹni ni kí ẹ fi kí i. Ẹ gbé gìtá lọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi kí wọn tán. Mo ti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn rí. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan sìmẹ́ńtì.

Ẹ ṣọ́ra fún àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀. Mo kó 10,000 sẹ́fà sínú ọ̀kan fún Bàbá Onírédíò. Ó ṣí i, ó kà á, ó wò mí. "Kí ni mo tà fún ọ?" Ó dá a padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá sanwó ohun tí wọn kò tà, ẹ sọ ọ́ di ọjà. Ohun mìíràn ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo yọ gìtá, mo ta ìka orin jùjú yẹn fún un bí bátìrì tó ti rẹ̀ ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú okùn dídẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tún okùn fà, mo ta á bó ṣe yẹ kó yá. Ó ní kí n ta èyí tó falẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ ohun náà gan-an. "Ẹ ṣé fún gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún mi" kò dé ibì kan. Ẹni tó bá bá wa gbé garawa náà là ń sọ ọ́ fún. Bátìrì àlòkù ni mo dárúkọ, agolo mílíìkì ni mo dárúkọ. Wọ́n á ní àwọn kò rántí. Ẹ má bá wọn jiyàn. Nǹkan mìíràn ni wọ́n máa ń rántí, ó sì lè má dùn yín létí: Bàbá rántí pé mo jókòó lé irin tó fi ń jó òjé lọ́jọ́ kan tí mo sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹ bẹ̀bẹ̀ níbi tí ẹ̀bẹ̀ bá yẹ.

Káfíńtà ti kú kí n tó dé. Ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wíńdò alumíníọ̀mù ló ń ṣe báyìí. Mo fi eegun náà hàn án, torí mo yọ ọ́ pa mọ́ nígbà tí gìtá yẹn fọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fọwọ́ pa àwọn ihò tóóró tí okùn ń gbà kọjá, ó ní ayùn tí bàbá òun fi ṣe é ṣì wà. Ó mú ayùn náà wá. A dúró, a ń wò ó. Mo fún un ní owó sàráà kí wọ́n fi ṣe àdúà fún bàbá rẹ̀. Ìyẹn kò jọ ọjà, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó ku ẹ̀gbọ́n onífọ́nrán wáyà. Wọ́n ní ó ti kúrò lẹ́bàá ọ̀nà Ouando, pé Àjàrá ló ń gbé, alùpùpù ló sì ń tún ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà yẹn, mo ti kà á. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tú wáyà bíréékì, mo sì ti so fọ́nrán kan sí ipò okùn kìíní. Ó ṣì ń gé ìka.