Bí a ṣe ń yan ọ̀pẹ òyìnbó, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ataare lórí rẹ̀

Bí ẹ̀pà orí èso yíyan bá jó, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iná ló pọ̀ jù. Iná kọ́. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ bá èso dé orí iná rárá. Èso ń fẹ́ ooru tó mú kí ojú rẹ̀ tó lè pọ́n, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan lórí irú ooru bẹ́ẹ̀ ti tó láti sọ ẹ̀pà tí a ti yan tẹ́lẹ̀ di kíkorò. Ọ̀tọ̀ ni a ó ṣe ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ ni a ó yan èso, inú àwo ni wọn yóò ti pàdé.

Ohun tí èèyàn 4 máa nílò: ọ̀pẹ òyìnbó kan tó tó kílò kan àbọ̀, ẹ̀pà yíyan tí a ti bó, tó kún agolo mílíìkì kan, hóró ataare 10, kànáfùrù 3, ata ilẹ̀ gbígbẹ tí a ti lọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì, ata gígún àti iyọ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, oyin, ṣíbí ìjẹun 2, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun kan.

Ọjà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó kì í dùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e lóko. Ó lè rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yí padà, ṣùgbọ́n adùn tó gbé kúrò lóko náà ni ẹ óò bá nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí imú, kí ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí kò bá ní òórùn kankan, kò tíì gbó. Bó bá ń rùn bí ẹmu tó ti kan, ó ti pọ́n jù. Èyí tó ń ta sánsán, tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀, ni ẹ mú. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan yàn án o: ọ̀pẹ òyìnbó agbègbè Allada ní Bénin lè pọ́n tán kí èèpo rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tútù, ó sì dùn bí oyin.

Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀, ẹ gbé e nàró, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú bó o láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì yọ àwọn ojú dúdú tó bá kù. Ẹ gé e ní róbótó, kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Bó bá fẹ́lẹ́ jù ú lọ, yóò já sínú èédú nígbà tí ẹ bá ń yí i. Bó bá nípọn jù, àárín rẹ̀ kò ní gbóná. Ẹ má yọ àárín tó le náà kúrò, òun ló so ègé pọ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lè fi í sílẹ̀.

Ẹ tẹ́ àwọn ègé náà sórí aṣọ mímọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn tẹ ojú wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Omi ojú èso gbọ́dọ̀ di oru tán kí ojú náà tó lè pọ́n. Bí omi bá pọ̀, bíbọ̀ ni èso ń bọ̀, kì í ṣe yíyan, yóò sì ti rọ̀ kó tó pọ́n.

Bí èso ṣe ń gbẹ, ẹ ṣe ẹ̀pà. Ẹ kọ́kọ́ ṣa ẹ̀pà tó bu, tó rún tàbí tó korò dànù, ẹyọ kan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kò sì dára fún ara. Ẹ gún ataare àti kànáfùrù kúnná nínú odó, kí ẹ tó da ẹ̀pà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gún un títí yóò fi dà bí gààrí tí kò kúnná, tí ẹ óò ṣì máa rí ìlàjì ẹ̀pà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, òróró rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ dúró ńbẹ̀. Ẹ po ata ilẹ̀, ata gígún àti iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi kún ataare: ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ta, ìgbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, ó ti bo adùn èso mọ́lẹ̀.

Ẹ dá iná èédú sínú àdògán, kí ẹ fẹ́ ẹ títí eérú funfun yóò fi bo èédú, tí kò ní sí ahọ́n iná mọ́. Ẹ gbé wáyà tí a ó fi yan èso lé e, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀. Bí ẹ bá lè kà dé 4 kó tó jó yín, ó ti tó. Wáyà tí a ti fi yan ẹja rí máa ń gbé òórùn ẹja sára èso, nítorí náà ẹ fi spọ́ńjì onírin fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì gbé e ka iná lásán títí kò fi ní rú èéfín mọ́.

Ẹ fi òróró ra ojú èso fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tò ó sórí wáyà gbígbóná, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Bí ó bá ṣì lẹ̀ mọ́ wáyà nígbà tí ẹ fẹ́ yí i, kò tíì tó àkókò. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ yóò jáwọ́. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ yan ẹ̀gbẹ́ kejì fún ìṣẹ́jú 3. Ìlà wáyà á hàn lára rẹ̀ ní àwọ̀ oyin dúdú. Ẹni tí kò ní àdògán lè lo páànù tó nípọn lórí gáàsì.

Ní Brazil, wọ́n máa ń fi ṣúgà àti sínámọ́nì, èèpo igi olóòórùn dídùn tí a lọ̀, pa ọ̀pẹ òyìnbó lára kó tó dé iná. Orí irin gígùn tí wọ́n ń yí lókè èédú ni wọ́n ti ń yan án, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ṣúgà jó. Lórí wáyà tiwa tó sún mọ́ iná, ẹ jẹ́ kí oyin dúró dìgbà tí èso bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ po oyin mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí èso bá ti dé inú àwo, ẹ ta oyin náà sí i lára lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì bu ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun kan lé ègé kọ̀ọ̀kan. Oyin ló máa dì í mú. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni ẹ jẹ ẹ́, nítorí omi èso yóò mú kí ẹ̀pà rọ̀, kò sì ní ró wàpùwàpù lẹ́nu mọ́. Bí àlejò kò bá tíì dé, ẹ fi ẹ̀pà sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹ̀pà bá ara wọn mu.