Bí a ṣe ń múra fún ọmọdé tí yóò ya fọ́tò pẹ̀lú bàbá àgbà àti màmá àgbà

Nígbà tí ìdílé bá fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn òbí àgbà, yálà nígbà Iléyá, nígbà Kérésìmesì tàbí nígbà tí bàbá àgbà pé ẹni 80 ọdún, aṣọ àwọn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ rò. Èrò tèmi ni pé orí aṣọ àwọn àgbà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ni fọ́tò náà, àwọn ni yóò jókòó láàárín, ohun tí wọ́n bá sì wọ̀ ni yóò sọ ohun tí ó yẹ ọmọ-ọmọ wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi màmá àgbà léèrè aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò níta lójú ọ̀sán, nítorí pé àwọ̀ aṣọ lábẹ́ iná yàrá kì í rí bákan náà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ níta.

Kì í ṣe dandan kí ọmọ wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà láti òkè délẹ̀. Bí ọmọ ọdún 2 bá wọ irú ankara tí màmá àgbà wọ̀, tí ó sì jókòó sórí itan wọn, aṣọ ọmọ yóò wọnú aṣọ màmá, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ojú yóò sì rí. Ó sàn kí a mú àwọ̀ kan nínú aṣọ àwọn àgbà, kí a fi rán ti ọmọ. Bí bàbá àgbà bá wọ ẹtù, tí ó dúdú bí aró tí ó sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára, bùbá àti ṣòkòtò funfun yóò jẹ́ kí ọmọ yọ dáadáa lórí itan wọn, fìlà ẹtù kékeré yóò sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ní ti ankara, tí wọ́n sábà máa ń tà ní yáàdì 6, ẹ ní kí télọ̀ má ṣe da èyí tí ó bá ṣẹ́kù lára ìró àti bùbá màmá nù. Ó tó láti fi ṣe ọrùn, etí apá tàbí àpò sára aṣọ ọmọ.

Aṣọ òkè gba àkíyèsí púpọ̀. Ní Ìsẹ́yìn àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń hun ún lórí òfì àwọn ọkùnrin, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, a ó tó wá rán àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀ mọ́ ara wọn kí ó tó di odidi aṣọ. Ojú rírán yìí máa ń le nínú, ó sì máa ń ha ọmọdé lára, pàápàá ní abẹ́ apá àti ní ọrùn. Aṣọ náà tún wúwo, ó sì máa ń mú ooru. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, mi ò rí ìdí kankan tí a fi ní láti fi wọ̀ ọ́. Ẹ fi ìpèlé kékeré tẹ́ orí itan màmá àgbà, kí ẹ sì gbé ọmọ lé e pẹ̀lú aṣọ òwú fẹ́lẹ́. Fún ọmọ tí ó ti ń rìn, ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi aṣọ òwú rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ aláró ni ẹ rà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì sá a síbi òjìji. Aró tuntun máa ń ràn mọ́ ara àti aṣọ mìíràn, bí ọmọ bá sì làágùn lórí léèsì funfun màmá àgbà, àmì rẹ̀ lè má lọ mọ́.

Ọmọdé kì í dúró ti ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n tí ẹ fi ránṣẹ́ sí télọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lè má bá a mu mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá délé. Ẹ ní kí ó ká etí ṣòkòtò sínú, kí a lè tú u. Rọ́bà ni kí a fi sí ìbàdí dípò okùn, kí ọrùn bùbá sì ní bọ́tìnnì ní èjìká, nítorí pé orí ọmọdé tóbi ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Agbádá máa ń wu àwọn bàbá láti rán fún ọmọkùnrin kékeré, ṣùgbọ́n ọmọ yóò máa tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀, apá aṣọ náà yóò sì máa yọ̀ kúrò léjìká. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má rán an, ẹ jẹ́ kí ó mọ ní orúnkún, kí ẹ sì fi òwú so èyí tí a ká sí èjìká mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wa fẹ́ràn fọ́tò tí ènìyàn ti hàn láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yà á nígbà èwe wọn, kí wọ́n jókòó tààrà, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Nítorí náà, bàtà ọmọ ṣe pàtàkì. Bàtà aláwọ tí kò ga, tí ọmọ ti wọ̀ rìn nínú ilé ṣáájú, ló dára jù. Bí ó bá sì kọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lásán tí a fọ̀ mọ́ kò burú. Ẹ tún rò ó pé wọ́n lè fẹ́ kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú fọ́tò kan, kí aṣọ tí ó fún má baà ya ní ìdí.

Bí ọmọbìnrin yóò bá wé gèlè, ẹ má ṣe di ṣùkú fún un, nítorí gèlè kò ní jókòó lórí rẹ̀. Kọ́lẹ́sẹ̀ tí ó lọ sí ìpàkọ́ ló yẹ. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ di irun náà, nítorí pé orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì máa ń dun ọmọ, ìrora náà yóò sì hàn lójú rẹ̀.

Ohun méjì wà tí màmá àgbà lè fẹ́ fi ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́ tí ó yẹ kí a fi pẹ̀lẹ́ dá dúró. Èkíní ni iyùn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 máa ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, bí okùn bá sì já, hóró kan lè há a lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́rùn màmá fúnra wọn. Èkejì ni tìróò. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe níwájú onífọ́tò.

Lọ́jọ́ fọ́tò, ẹ bọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó sùn, kí ẹ sì pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ kí ẹ tó wọ aṣọ fún un, nígbà tí àwọn àgbà bá ti jókòó tán. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn dára. Ní ọ̀sán gangan, òjìji fìlà àti gèlè máa ń bo ojú. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ara ọmọ kí ó má baà funfun, ṣùgbọ́n ẹ nù ún kúrò ní iwájú orí kí ó má baà máa kọ mànà. Ẹ ní kí onífọ́tò kọ́kọ́ ya àwọn tí ọmọ kékeré jù wà nínú wọn, kí a lè bọ́ fìlà àti aṣọ òkè kúrò lára rẹ̀ kí ó tó sú u, kí àwọn àgbà sì máa bá tiwọn lọ.